Èsì: “minzu”, ṣé orílẹ̀-èdè ni àbí ìran?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní ká túmọ̀ minzu, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà, sí “orílẹ̀-èdè”. Wọ́n tún ní kò sí ohun tó kan Jàpáánì nínú rẹ̀, nítorí àmì Ṣáínà ni méjèèjì tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò gba ìkankan.

Òótọ́ ni pé min, ìyẹn ará ìlú, àti zu, ìyẹn ìdílé, ti pẹ́ ní Ṣáínà. Ẹ wo zu fínnífínní: àsíá ni apá kan, ọfà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni amọ̀ kọ́ ló mọ ìkòkò. Bí a bá tiẹ̀ rí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àtijọ́, Jàpáánì ìgbà ọba Meiji ni wọ́n ti fi minzoku, ìyẹn bí àwọn ará Jàpáánì ṣe ń pe àmì méjèèjì náà, gbé èrò àwọn ará Yúróòpù pé ìran kan lè ní ìlú tirẹ̀. Nígbà tí àtúntò ìjọba 1898 forí ṣánpọ́n ní Beijing, Liang Qichao, òǹkọ̀wé tó wà lára àwọn tó ń jà fún àtúntò náà, sá lọ, ọkọ̀ ogun Jàpáánì ló gbé e. Yokohama ló ti ń tẹ ìwé ìròyìn tó sọ minzu di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà. Tokyo ní Jàpáánì náà ni Sun Yat-sen, aṣáájú àwọn tó fẹ́ lé ọba Ṣáínà kúrò lórí oyè, ti dá ẹgbẹ́ wọn, Tongmenghui, sílẹ̀ ní 1905, minzu ló sì ṣíwájú nínú ìlànà mẹ́ta rẹ̀.

Ẹnìkan gbìyànjú láti má yá ọ̀rọ̀ o. Yan Fu, atúmọ̀ èdè tó gbówọ́, kò gba shehui tó ti Jàpáánì wá fún “àwùjọ”, ó ní qun ló yẹ. Àgùntàn wà nínú àmì qun! “Agbo” tiwa gẹ́lẹ́ ni: agbo àgùntàn, agbo ijó. Ó dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ kò rọ́wọ́ mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Tokyo bọ̀ ti pọ̀ jù, shehui ni wọ́n sì ń kó bọ̀ wálé.

Ó ku ìtumọ̀. Minzu 56 ni ìjọba Ṣáínà ń kà, Han tó pọ̀ jù ọ̀kan, àwọn kéékèèké 55. Síbẹ̀ gbogbo wọn lápapọ̀ tún jẹ́ minzu kan ṣoṣo, zhonghua minzu, ìyẹn minzu Ṣáínà lódindi. Liang ló gbé ìyẹn náà jáde, ní 1902. Ṣé a ó wá kọ orílẹ̀-èdè 56 sínú orílẹ̀-èdè kan? Èdè pàápàá kò bá a mu: èdè Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ àwọn Hui, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ń sọ, minzu ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. “Ẹ̀yà” bá àwọn 56 yẹn mu, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe Ṣáínà lódindi ní ẹ̀yà?

“Ìran” ni tèmi. À ń sọ ìran Oníkòyí, à ń sọ ìran Oòduà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè èwo ló tóbi. (“Orílẹ̀” fúnra rẹ̀ ti rin irú ìrìn tí zu rìn. Ẹ bi àgbàlagbà ní orílẹ̀ rẹ̀, Olúfẹ̀ tàbí Olówu lẹ ó gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ Nàìjíríà.)

Yunifásítì kan wà ní Beijing tó ní minzu nínú orúkọ. Ní 2008 wọ́n yọ ìtumọ̀ rẹ̀ kúrò nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn, wọ́n kàn kọ Minzu síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu tiwa. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní “ìran” tí à ń wò lójú agbo ò ní jẹ́ kó yé èèyàn. Ẹ fún mi ní gbólóhùn kan tí méjèèjì ti lè dàrú mọ́ra wọn lóòótọ́, n óò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.