"Agbára" nìkan kò lè gbé gbogbo ẹrù yìí

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a fi "agbára" túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, power, níbi gbogbo, láti orí ìwọ́de dórí iná inú ilé, kí iṣẹ́ lè rọrùn fún àwọn akọ̀ròyìn. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jáde nítorí owó orí, ta ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Aláké ni, Ọba Adémọ́lá Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń kín in lẹ́yìn. Ta ló ní ipá? Ọlọ́pàá. Àwọn obìnrin ò ní ìkankan nínú méjèèjì. Síbẹ̀ wọ́n dó ti ààfin, wọ́n ń kọrin, ọ̀rọ̀ náà ò sì tán ńlẹ̀ títí Aláké fi gbé oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn yẹn gan-an ni agbára. Bí akọ̀ròyìn bá wá kọ ọ́ pé agbára ṣẹ́gun agbára, kí ló sọ?

Ti iná ilé ló gba sùúrù. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "wọ́n ti mú agbára lọ". Iná ni wọ́n mú lọ, iná náà ló sì ń dé. Kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ń kọ wáàtì sí, la ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì tí iná rẹ̀ ò já rárá fún wákàtí kan á jẹ yúnìtì kan nínú mítà. Gílóòbù 100 wáàtì á tàn fún wákàtí 10 kó tó jẹ iye kan náà. Yúnìtì wọn dọ́gba, bí wọ́n ṣe ń yára jẹ ẹ́ ni kò dọ́gba. Tí a bá pe iye yúnìtì àti bí ẹ̀rọ ṣe ń yára jẹ ẹ́ ní "agbára", ẹni tó ń ra sólà á ra bátìrì ńlá tó ń pa yúnìtì púpọ̀ mọ́, ìnfátà rẹ̀, tó ń gbé iná bátìrì fún ẹ̀rọ ilé, ò sì ní lè gbé wáàtì tí fíríìjì ń fẹ́.

Ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti mú àbá tèmi, torí wọ́n máa ń sọ pé "ẹ̀rọ yìí ń jẹ iná gan-an". Kí wáàtì máa wọn "ìjẹná", kí yúnìtì máa ka "agbára iná". Fún jẹnẹrétọ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń pèsè iná, ká sọ "ìjẹná tó lè gbé". Ẹ̀yin onífísíìsì, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.