Oorun ò kun ìyá mi láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ), ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Ìyá mi ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú n'Ìbàdàn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, kímò ló kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti gbà á dé, ojú wọn á là kedere títí di ìdájí. Wọ́n á máa ka Sáàmù, wọ́n á máa ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀. Tó bá dọ̀sán, wọ́n á sùn fọnfọn lórí àga.

Nọ́ọ̀sì kan ní dexamethasone tí wọ́n ń lò kí èébì má baà gbé wọn lè lé oorun lọ, pé ká bi dókítà bóyá àárọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa lò ó. Ó ní inú oorun ni ara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, tó ń gbára jọ láti bá àrùn jà. Kímò sì ti ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, tó ń gbógun ti àrùn nínú ara, kù. Ìyẹn ló já mi láyà jù.

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò ràn wá lọ́wọ́ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú èèyàn yín rí, ṣé ẹ máa ń jí wọn lọ́sàn-án ni, àbí ẹ ń fi wọ́n sílẹ̀? Àǹtí wa ní ká ra oògùn oorun ní kẹ́mísí. Mi ò gbà, ó lè bá oògùn wọn jà. Àgbo náà ńkọ́. Báwo ni mo sì ṣe máa sọ fáwọn ará ìjọ tó ń wá kí wọn láago mẹ́wàá alẹ́ pé kí wọ́n máa lọ, tí wọn ò ní ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́?