Èsì: "Ìgbàkannáà" kọ́ lorúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe ọ̀nà tí SPI (ìlànà tí ẹ̀rọ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà) ń gbà ránṣẹ́ nínú microcontroller, kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ, ní "ìfiránṣẹ́ ìgbàkannáà", ìyẹn ohun tí Òyìnbó ń pè ní "synchronous". Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n "kan náà" yẹn kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà kan náà níbẹ̀? Bíìtì mẹ́jọ ni (bíìtì ni 0 tàbí 1 tí ẹ̀rọ fi ń kọ ọ̀rọ̀), ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gba orí wáyà kọjá. Ẹni tó bá gbọ́ "ìgbàkannáà" á rò pé gbogbo wọn jọ ń rọ́ lọ ni, èyí tó jẹ́ pé wáyà mẹ́jọ ni ìyẹn ń fẹ́. Aago, ìyẹn iná tó ń lù déédéé lórí wáyà kan, ni gbogbo ọ̀rọ̀ SPI dá lé. Ẹ mú Arduino Uno, pátákó tó ní microcontroller lórí: ẹsẹ̀ (pin) 13 ni aago ń gbà jáde, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ 11, èsì ń wọlé lẹ́sẹ̀ 12, ẹsẹ̀ 10 la sì fi ń pe ẹ̀rọ tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí aago bá lù lẹ́ẹ̀kan, bíìtì kan jáde, bíìtì kan wọlé dípò rẹ̀. Tó bá lù lẹ́ẹ̀mẹjọ, àwọn méjèèjì ti pààrọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tán. Mo máa ń yọ wáyà ẹsẹ̀ 13 níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Pánṣẹ́kẹ́ níbí. Ẹsẹ̀ 11 ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in, àmọ́ ẹ̀rọ kejì kò ní gba bíìtì kan ṣoṣo.

"Abáagorìn" ni tèmi: a-bá-aago-rìn. Ó sì ṣe é yí sódì. UART, ìlànà ìfiránṣẹ́ mìíràn, kò ní wáyà aago. Ẹ̀rọ méjèèjì ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ìyára, bíi bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ á sì ta ẹni tó ń gbọ́ lólobó. Ìyẹn ni "aláìbáagorìn". Ẹ bá mi yí "ìgbàkannáà" sódì ká jọ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ẹnì kan ní "agogo" ló yẹ, pé aago yìí kì í sọ wákàtí. Òótọ́ wà ńbẹ̀: agogo ló ń mú àwọn onílù rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe "abágogorìn" lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń kọ́ ahọ́n.

Ti "ọ̀gá àti ẹrú" (master àti slave) tí wọ́n tún fẹ́ mú wọlé fún ẹ̀rọ tó ń darí àti èyí tó ń gbọ́ràn, mi ò gbà, mi ò sì ní gbà. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn baba wa sá sí ní 1830 nítorí ogun àti àwọn akónilẹ́rú. Ẹ̀rọ wo wá ni màá fẹnu ara mi pè ní ẹrú l'Abẹ́òkúta? NXP, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe microcontroller, fúnra wọn ti yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò nínú ìwé ìlànà I2C, ìlànà ìfiránṣẹ́ mìíràn tó ní aago, ní 2021. Ẹni tó ni aago, "aláago" ni. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò kò ka ìwé Òyìnbó, iṣẹ́ tí nǹkan bá ń ṣe ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ wọn ò sì pọ́n wa lójú rí.

"Atòtẹ̀léra" (serial) tí ẹ̀gbọ́n dá fún ti bíìtì tó ń tò lọ dáa, mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká fi bá tèmi: "ìfiránṣẹ́ atòtẹ̀léra abáagorìn". Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó mú un wá.