Òtẹ́ẹ̀lì West Baden ní Indiana, ṣé omi ló kọ́ ọ ni àbí tẹ́tẹ́?

OmoMapo_Indy:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ló fi fọ́tò òtẹ́ẹ̀lì kan hàn mí, West Baden Springs ló ń jẹ́, gúúsù Indiana níbí ló wà. Òrùlé ẹ̀ rí róbótó, gbàgede ńlá wà láàárín, yàrá wá yí i ká lókè nílẹ̀. Ó ní omi inú ilẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ, pé àwọn olówó ń wọ rélùwéè láti Chicago wá mu omi níbẹ̀. Mo ní omi kẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo gbà kọjá lọ́jọ́ kan, igbó ni o! Wọ́n tún ní ìgbà kan wà tí wọ́n ta odindi ilé yẹn ní dọ́là kan ṣoṣo. Ta ló mọ bó ṣe jẹ́?

BabaAlamala:
Àbúrò, dọ́là kan náà ni lóòótọ́. Àmọ́ omi yẹn kì í ṣe omi lásán o, imí-ọjọ́ àti oríṣiríṣi iyọ̀ inú ilẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Dókítà William Bowles ló kọ́kọ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí French Lick, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní nǹkan bí 1845, nígbà tó di àwọn ọdún 1850 John Lane náà lọ kọ́ tiẹ̀ sí iwájú díẹ̀, ìyẹn ló wá di West Baden. Ẹ rántí pé oògùn ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, ẹni tí oríkèé ń dùn, ẹni tí inú ń kún, ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà, omi ni dókítà máa ní kó lọ mu. Ká má purọ́, ti ìgbẹ́ yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni 😂

Lee Sinclair ra ibẹ̀ ní 1888, ó sì tún un ṣe dáadáa. Àfi bí iná ṣe sọ ní June 1901, igi ni wọ́n fi kọ́ ilé ọ̀hún, gbogbo ẹ̀ jóná ráúráú. Ọdún yẹn gan-an ni Thomas Taggart, tó jẹ́ méyọ̀ Indianapolis tẹ́lẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ dáwó gba òtẹ́ẹ̀lì French Lick, orogún sì ni òtẹ́ẹ̀lì méjèèjì. Sinclair ní òun ò ní gbà, òun máa kọ́ èyí tí iná ò ní lè jó, kí òrùlé ẹ̀ sì tóbi ju ti gbogbo ayé lọ. Àwọn ayàwòrán ilé ní kò lè ṣeé ṣe, àfi Harrison Albright tó wá láti West Virginia. September 1902 ni wọ́n ṣí i, ẹ ṣírò ẹ̀ láti June 1901, ọdún kan àti oṣù mẹ́ta péré! Fífẹ̀ òrùlé yẹn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200, egungun irin 24 ló gbé e dúró, wọ́n sì gbé irin yẹn ka orí rólà kó lè ráyè fẹ̀ tí oòrùn bá mú, kó sún kì tí òtútù bá dé. Kò sí òrùlé róbótó tó fẹ̀ tó o ní Amẹ́ríkà títí di àwọn ọdún 1950.

MamaTwins_Bloomington:
Bàbá ti sọ ti omi, ẹ jẹ́ n sọ ti owó. Tẹ́tẹ́ ni! Òfin Indiana ò fàyè gba tẹ́tẹ́ nígbà yẹn, àmọ́ gbogbo àfonífojì yẹn kún fún ilé tẹ́tẹ́, àwọn aláṣẹ ń wo òkè. Ed Ballard tó wà nídìí tẹ́tẹ́ náà ló wá fi mílíọ̀nù dọ́là kan ra West Baden ní 1923 lọ́wọ́ ọmọ Sinclair. Ọdún mélòó kan ló jẹun síbẹ̀. October 1929 tí stock market dojú dé ni àwọn àlejò palẹ̀ ẹrù mọ́, kálukú sá relé lọ wo ohun tó kù nínú owó ẹ̀. Omi ṣì ń sun o, kò gbẹ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wá mu ún? 1932 ni ó tì í pa, nígbà tó di 1934 ó ta á fún àwọn fadá Jesuit ní dọ́là kan. Wọ́n yìnbọn pa òun fúnra ẹ̀ ní 1936, nínú òtẹ́ẹ̀lì ní Hot Springs, Arkansas, ìlú mìíràn tí àwọn èèyàn ń lọ torí omi inú ilẹ̀.

Kunle_Balls:
Ẹ ò tíì dárúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀ o. Àwọn èèyàn dúdú ló ń gbé oúnjẹ, tí wọ́n ń gbé ẹrù, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tó wá wẹ̀, àwọn fúnra wọn ò lè gba yàrá níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì méjèèjì wá ní tíìmù baseball àwọn dúdú, West Baden Sprudels àti French Lick Plutos, orúkọ omi inú ìgò tí wọ́n ń tà ni wọ́n fún wọn, àwòrán sàtánì pupa ló wà lára ìgò Pluto. Wọn kì í ṣe ọmọdé o, C.I. Taylor tó kọ́ Sprudels ló lọ sọ Indianapolis ABCs di tíìmù ńlá. Joe Louis abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò náà, ìgbà tó bá wá, Waddy Hotel ló ń dé sí, òtẹ́ẹ̀lì àwa dúdú. Èmi ò rí ìdí tí ìyẹn ò fi ní wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìtàn yẹn.

OmoMapo_Indy:
Ha! Kò sẹ́ni tó sọ ti Kunle yìí fún mi. Lẹ́yìn àwọn fadá ńkọ́?

BabaAlamala:
Wọ́n fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ tiwọn títí di 1964, ibi ìsìnkú wọn ṣì wà níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn lò ó títí di 1983, lẹ́yìn ìyẹn òjò àti yìnyín ló ń gbébẹ̀, ní 1991 apá kan ògiri ẹ̀ wó. Indiana Landmarks, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ló rà á ní 1996, Bill àti Gayle Cook, àwọn olówó Bloomington tó ń ṣe irinṣẹ́ ìṣègùn, wá náwó sí i. 2007 ló padà di òtẹ́ẹ̀lì. Kí ló jẹ́ kó pé wọn? Ìjọba ti fọwọ́ sí kàsínò ní French Lick!

MamaTwins_Bloomington:
Ṣé mo purọ́? 😂 @OmoMapo tó o bá fẹ́ wẹ omi yẹn, òtẹ́ẹ̀lì French Lick ni kó o lọ, wọ́n ṣì ń fi omi Pluto wẹ̀ ní spa wọn. Tí kò bá sí owó yàrá, Indiana Landmarks máa ń mú èèyàn yí inú West Baden ká, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wàá san.