Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwúwo ara yín nìkan ṣe eré ìdárayá, kí ni ojú yín ti rí?

Àkànní: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti di oṣù 3 tí mo ti ń dojú bolẹ̀ ní àràárọ̀, tí mo ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbà 5, mo ti dé 18, ṣùgbọ́n ọrùn-ọwọ́ kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Kí ni ìrírí tiyín?

Ìyá Ìbejì: Orúnkún ni tèmi. Ogún ọdún ni mo fi jókòó sórí àga ọ́fíìsì, n kò mọ̀ pé mo ti gbàgbé bí a ṣe ń lóṣòó. Ní ọjọ́ ìbí ìyá ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ kí wọn níṣojú gbogbo ẹbí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá kí n dìde, orúnkún kọ̀. Ìró màmá ni mo dì mú kí n tó lè nàró, díẹ̀ ni ó kù kí ó tú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga kí n sì dìde láìfọwọ́ti nǹkan kan, ìgbà 10 láàárọ̀, ìgbà 10 lálẹ́. Nígbà tí ìyẹn rọrùn, mo bọ́ sórí àpótí ìdáná. Ní oṣù kẹrin, mo di ẹnu ilẹ̀kùn mú, mo sì lóṣòó dé ìsàlẹ̀. Lọ́dún yìí, mo tún lọ kúnlẹ̀, màmá sì ti di ìró wọn mú kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Gbádébọ̀: Ẹ má bínú, mà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé lílóṣòó a máa ba orúnkún jẹ́. Bóyá ẹ kàn fọn ni.

Ìyá Ìbejì: Aṣọ ọdún náà lọ́hùn-ún ni mo wọ̀ lọ́dún yìí, kò sì ṣò mí lára.

Tíṣà Àgbà: Gbádébọ̀, ìkánjú ni ó ń ba oríkèé jẹ́. Ohun rírọ̀ tí ó bo orí egungun kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ni ó ń bọ́ ọ, nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń tú u sílẹ̀. Àwọn okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun náà kì í yára le bí ẹran. Ojú mi rí i: ẹ̀ka igi máńgòrò ni mo rọ̀ mọ́ tí mo ń fa ara mi sókè lójoojúmọ́, apá mi ń le, inú mi ń dùn, àfi bí ìgúnpá ṣe dá mi dúró. Odindi oṣù 6 ni n kò fi lè gbé kẹ́tù omi.

Dàpọ̀: Bàbá bàbá mi kò ṣe ju ìdọ̀bálẹ̀ lọ, wọ́n sì le koko.

Gbádébọ̀: Ta ni ó ń dọ̀bálẹ̀ ní ìgbà 18 lóòjọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ kò tíì gbé ìyàwó nìyẹn. Alága ìjókòó ní kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde, kí a tún dọ̀bálẹ̀, títí apá fi ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, n kò lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì fúnra mi.

Àkànní: Ẹ jọ̀wọ́, ọrùn-ọwọ́ mi ńkọ́?

Tíṣà Àgbà: Ẹ di ìkúùkù kí ẹ tó ti ilẹ̀, kí ọrùn-ọwọ́ má baà ká sẹ́yìn, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ máa ti etí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.