Petrichor: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, báwo la sì ṣe ń pè é?

Atúmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Báwo lẹ ṣe máa túmọ̀ "petrichor rose from the road"? Ṣé òórùn òjò náà ni? "Ch" rẹ̀ ńkọ́, ṣé bíi ti "church" ni?

Ọmọ Èdè: Òórùn òjò kọ́. Òórùn ilẹ̀ tàbí òkúta tó ti gbẹ tipẹ́ ni, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Bí òjò bá rọ̀ lánàá, tó tún rọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu mọ́. "K" ni "ch" yẹn: pẹ́tríkọ̀, ìró àkọ́kọ́ lẹ ó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má kọ "petrichor smell" o, bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òórùn òórùn ni.

Isabel Joy Bear àti R. G. Thomas, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1964. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti ṣà á: "petra" ni òkúta, "ichor" ni omi tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ó ń ṣàn lára àwọn òrìṣà wọn dípò ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà náà ní "ichor", àmọ́ omi ojú egbò ni tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyẹn má yọ́ wọnú ìtumọ̀ yín.

Onímọ̀-Ilẹ̀: Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òróró ara ewéko máa ń wọ inú amọ̀ àti òkúta. Bí ẹ̀kán òjò bá já lu ilẹ̀, atẹ́gùn inú ihò wínníwínní ilẹ̀ á hó gba inú omi náà sókè, á bẹ́, á sì tú òórùn náà ká. Kámẹ́rà ayára-bí-àṣá ló jẹ́ kí àwọn olùwádìí MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, rí i ní 2015. Ìdí nìyí tí òjò wẹ́liwẹ́li fi ń gbé e jáde ju àrọ̀ọ̀rọ̀dá lọ: bí ẹ̀kán òjò bá já lu ilẹ̀ kíákíá jù, atẹ́gùn ò ráyè hó sókè.

Ẹ má sì pe geosmin ní petrichor. Èròjà kan ṣoṣo nìyẹn, tí bakitéríà Streptomyces ń ṣe nínú ilẹ̀. Ara òórùn náà ni, òun nìkan kọ́.

Atúmọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí n wá kọ?

Ọmọ Èdè: Ẹ má wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Òórùn ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò kàn ń ta sánsán lójú ọ̀nà." Bó bá tún jẹ yọ nísàlẹ̀, "òórùn àkọ́rọ̀" ti tó.