Ẹran ìkómọ tó ṣẹ́kù, ṣé ó lè di kroket? (Ìjíròrò àwa Yorùbá ní Họ́láńdì àti àyíká rẹ̀)

Ará Almere:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. A ṣe ìkómọ lánàá, ẹran màlúù bíbọ̀ sì kù rẹpẹtẹ nínú fíríìjì. Àwọn ọmọ ò fẹ́ rí ọbẹ̀ mọ́, kroket, ìpápánu ẹran díndín tí wọ́n fi búrẹ́dì lílọ̀ bò lára, ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ní irú ẹran tó ṣẹ́kù báyìí làwọn ìyá Òyìnbó ibí fi ń ṣe é nílé látijọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó má lọ bẹ́ sínú òróró. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó fi ń dúró?

Ará Rotterdam:
Àbúrò mi, kú ìnáwó o. Ọlọ́run á wo ọmọ náà dàgbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ, ẹran tó ṣẹ́kù ló dára jù fún un, torí ó ti rọ̀, adùn sì ti wọ̀ ọ́ lára.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́. Voedingscentrum, àjọ tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lórí oúnjẹ níbí, ní oúnjẹ tó ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ méjì lọ nínú fíríìjì tó tutù dé ìwọ̀n 4 Celsius. Nítorí náà, bí o ò bá ní ráyè ṣe é lónìí tàbí lọ́la, tètè kó ẹran náà sí fírísà. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ lò ó, inú fíríìjì ni kí o ti jẹ́ kó yọ́, má gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́.

Ó yá, ká wá sórí kroket. Inú rẹ̀ niṣẹ́ wà. Èèpo tó ń dún lẹ́nu yẹn ò le rárá. Àmọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ragout, bọ́tà, ìyẹ̀fun àti omi ẹran ni wọ́n fi ń sè é kí wọ́n tó da ẹran sí i. Bó bá tutù, ó gbọ́dọ̀ le débi tí a ó fi lè fọwọ́ yí i. Bó bá wá bọ́ sínú òróró gbígbóná, ó gbọ́dọ̀ tún yọ́ kó sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Ìyẹ̀fun nìkan ò lè ṣe méjèèjì. Bí o bá da ìyẹ̀fun púpọ̀ sí i kó lè le, ìyẹ̀fun náà ni wàá máa jẹ lẹ́nu. Jẹ̀látìnì ló ń mú un dì nínú òtútù tó sì ń yọ́ nínú ooru. Àwọn Òyìnbó ń ra èyí tó wà ní pẹlẹbẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá bí Albert Heijn tàbí Jumbo. Àwa ní tiwa nílé, bọ̀kọ̀tọ̀ ni.

O ti rí omi bọ̀kọ̀tọ̀ tó sun fíríìjì mọ́jú, bó ṣe ń dì tí ṣíbí ń dúró nínú rẹ̀. Jẹ̀látìnì tó jáde lára awọ àti iṣan ẹsẹ̀ màlúù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ra ẹsẹ̀ màlúù lọ́dọ̀ alápatà Túúkì tàbí ní tókò (ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ) àwọn ará Suriname, koeienpoot ni kí o bèèrè. Se é pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ewé taimu fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, sẹ́ ẹ, kí o ká ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò. Má fi Maggi sí i níbẹ̀rẹ̀, torí omi náà á gbẹ, iyọ̀ á sì wọ́ jọ. Ẹran ìkómọ fúnra rẹ̀ ti ní iyọ̀ lára. Ìgbẹ̀yìn ni kí o tọ́ iyọ̀ wò.

Fún bíi kroket méjìlá:
Bọ́tà 70 gíráàmù, ìyẹ̀fun àlìkámà 80 gíráàmù, omi bọ̀kọ̀tọ̀ ìdajì lítà, ẹran 300 gíráàmù tí o ti fọwọ́ ya wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà kékeré kan tí o gé wẹ́wẹ́, ewé peterselie (parsley) díẹ̀, ata gígún, àti nootmuskaat (nutmeg) tí o rin sí i, ìdámẹ́rin ṣíbí kékeré.

Yọ́ bọ́tà lórí iná kékeré, jẹ́ kí àlùbọ́sà rọ̀ nínú rẹ̀ láìpọ́n. Da ìyẹ̀fun sí i lẹ́ẹ̀kan náà, máa rò ó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí òórùn ìyẹ̀fun tútù lè lọ. Má jẹ́ kó yí àwọ̀ padà. Wá máa da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Má da òmíràn títí tí èyí tó wà níbẹ̀ á fi wọnú rẹ̀ tán, ibẹ̀ ni kókó ti ń wọlé bí a bá kánjú. Bí omi bá tán, jẹ́ kó hó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, má gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa bá ọmọorógùn yí nínú ìkòkò bí àmàlà tó ń jinná. Nígbà náà ni ẹran, peterselie, ata àti nootmuskaat á wọlé. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ó máa ń gé ọ̀rá bọ́tà.

Tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kó má nípọn, kó lè tètè tutù. Fi náílọ́ọ̀nù bò ó kí náílọ́ọ̀nù náà kan ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á hu awọ. Kí wákàtí méjì tó pé ni kó ti wọ fíríìjì, ibẹ̀ ni kó sùn mọ́jú. Ẹni tó bá ń kánjú, kó má bẹ̀rẹ̀ kroket. Ragout tí ò tutù dénú ló sábà ń bẹ́ sínú òróró.

Ará Den Haag:
Màmá, ẹ kú làálàá. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ jẹ̀látìnì nítorí àwa Mùsùlùmí. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń yọ ọ́. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀: bí ẹ bá rí varken (ẹlẹ́dẹ̀), ẹ dá a padà. Rundergelatine (jẹ̀látìnì màlúù) tó ní àmì hàláàlì wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Túúkì. Bọ̀kọ̀tọ̀ látọwọ́ alápatà hàláàlì ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Àwọn kan á ní kí ẹ lo agar-agar, èyí tí wọ́n ń yọ lára ewéko inú òkun. Kò ní ṣe irú iṣẹ́ yìí o. Kì í yọ́ títí ooru á fi tó bíi 85, inú kroket á kàn dúró gbagidi.

Ará Almere:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀ nínú ẹran náà wà nínú ọbẹ̀ ata, ó sì ti díndín kó tó wọbẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀? Ṣàkì àti pọ̀nmọ́ náà wà níbẹ̀.

Ará Rotterdam:
Ṣàkì àti pọ̀nmọ́, ẹ jẹ wọ́n nílé bí wọ́n ṣe wà. Kroket ò fẹ́ ohun tí eyín ń fà. Ẹran inú ọbẹ̀ ṣeé lò: fi omi gbígbóná ṣan òróró kúrò lára rẹ̀, torí òróró ọbẹ̀ máa ń mú kí ragout já. Lẹ́yìn náà, rẹ ẹ́ sínú omi bọ̀kọ̀tọ̀ gbígbóná títí á fi rọ̀, kí o tó ya á. Ẹran ewúrẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n fọwọ́ wá egungun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ti adìyẹ, ti itan ni kí o lò, àyà rẹ̀ máa ń gbẹ.

Ará Amsterdam Zuidoost:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kroket láìsí ata rodo, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Èmi ń gé rodo sínú tèmi o.

Ará Rotterdam:
Àbúrò, èmi náà fẹ́ràn ata. Omi bọ̀kọ̀tọ̀ ni kí o ti se é mọ́, odindi, kí o wá sẹ́ ẹ kúrò. Ata tútù tí a gé sínú ragout ń gbé omi dání, omi yẹn ló ń di ooru tó ń ti èèpo ya láti inú. Fún àwọn ọmọ, mọ́sítádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tó, bí àwọn ará ibí ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ èèpo. Wọn ragout tó ti tutù ní 70 gíráàmù, gíráàmù 70, fi ọwọ́ tó lómi díẹ̀ yí i gùn tó ìka ọwọ́ rẹ. Bó bá jẹ́ bitterballen, ẹ̀yà kékeré rẹ̀, lo fẹ́, bíi 25 gíráàmù, róbótó. Yí i nínú paneermeel, èyí ni búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n lọ̀. Rì í bọnú funfun ẹyin tí o ti lù pẹ̀lú omi ṣíbí kan, má jẹ́ kó hó. Wá dá a padà sínú paneermeel. Wo orí rẹ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé, ibẹ̀ ló sì máa ń là. Níbi tó bá ti ṣí, fi ẹyin àti paneermeel pa á lẹ́ẹ̀kejì. Dá a padà sí fíríìjì fún wákàtí kan.

Òróró kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìkòkò lọ. Kó gbóná tó ìwọ̀n 175 sí 180. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, torí bí òróró bá tutù, èèpo á mu ún. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti pọ́n. Gbé e sórí bébà kó sinmi díẹ̀ kí ọmọ tó fi kan ẹnu, inú rẹ̀ gbóná ju ẹ̀yìn lọ púpọ̀. Bí òróró bá gbaná, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, omi kọ́ o. Pa iná sítóòfù, yọ́ ọmọrí dé e, má ṣí i.

Ará London:
Ẹ kú iṣẹ́, mo ń kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ mi ò gbọdọ̀ jẹ òróró púpọ̀. Ṣé airfryer, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná dín nǹkan, lè ṣe é?

Ará Rotterdam:
Ó lè ṣe é, kìkì pé àwọ̀ rẹ̀ máa ń funfun. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, yan paneermeel nínú páànù pẹ̀lú òróró ṣíbí méjì títí á fi pọ́n, kí o jẹ́ kó tutù, òun ni kí o fi bò ó. Lẹ́yìn náà, airfryer ní 200, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò ní dún bí ti òróró, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ará Antwerp:
Ní Belgium níbí, edé kékeré aláwọ̀ eérú láti Òkun Àríwá la fi ń ṣe é. Omi èèpo edé ni wọ́n fi ń se ragout rẹ̀, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé peterselie díndín sí i. Ẹja Titus yíyan náà ń bá a mu.

Ará Amsterdam Zuidoost:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà nípa ti ata. Ṣé ó ṣeé kó sí fírísà? Èyí tí à ń rà nínú ẹ̀rọ ara ògiri ní FEBO, ilé ìpápánu tó ti wà ní Amsterdam láti 1941, owó rẹ̀ ò kéré mọ́ fún ẹni tó lọ́mọ mẹ́rin.

Ará Rotterdam:
Ó ṣeé kó sí fírísà dáadáa. Tẹ́ wọn sórí páànù kí wọ́n má kan ara wọn títí wọ́n á fi dì, lẹ́yìn náà kó wọn sínú báàgì, kí o kọ ọjọ́ sí i lára. Má jẹ́ kí wọ́n yọ́ kí o tó dín wọn. Jẹ́ kí òróró wà ní 170, kí o sì fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje. La ọ̀kan sí méjì láti rí i pé inú rẹ̀ gbóná.

Ará Almere:
Ẹsẹ̀ màlúù ti wà lórí iná báyìí. Òróró tí mo bá lò tán ńkọ́?

Ará Den Haag:
Má dà á sí síǹkì, ọ̀rá máa ń dì nínú páìpù, ìwọ lo sì máa sanwó fún ẹni tó bá wá ṣí i. Jẹ́ kó tutù, dà á padà sínú ike tí o fi rà á, dé e pa. Àpótí aláwọ̀ ìyeyè wà níwájú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá, ibẹ̀ ni kí o jù ú sí pẹ̀lú ike rẹ̀.